Sọ Fíláàṣì Kalẹ̀ Lórí Kámẹ́rà

Ẹ wo fọ́tò ìnáwó tí wọ́n fi fíláàṣì yà lálẹ́ ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba n'Íbàdàn. Iwájú orí ń dán yanran, imú funfun, òjìji gèlè dúdú kirikiri lára ògiri, àwọn tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn sì ti wọ òkùnkùn lọ. Màmá àgbà tó kọ àbàjà, tí gbogbo agboolé mọ̀ mọ ilà rẹ̀, kò ní ilà kankan mọ́. Ẹbí á ní kámẹ́rà ni kò dáa, ẹlòmíì á ní fíláàṣì ni kò lágbára tó. Bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ jù. Orí kámẹ́rà tí wọ́n gbé e kà ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Òjìji ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ohun kan yọ síta, pé òmíràn jìn wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì gan-an jáde, gbogbo òjìji á sá sẹ́yìn ohun tí à ń yà, kámẹ́rà kò ní rí wọn. Kòtò tín-ín-rín ni ilà jẹ́ lára awọ. Bí òjìji kò bá sí nínú kòtò yẹn, ó parí. Ẹ wá gbé fíláàṣì kan náà sí apá òsì màmá, kó ga ju orí wọn lọ díẹ̀, kó máa wò wọ́n láti ìhà. Àbàjà á yọ ketekete, ìhunpọ̀ aṣọ òfì tí wọ́n wọ̀ á hàn, dídán iwájú orí á sì yẹ̀ kúrò níbi tí lẹ́ńsì ń wò. Awọ dúdú fẹ́ràn iná tó bá fẹ̀ lójú, tó sì ti ẹ̀gbẹ́ wá. Èyí ni agboòrùn funfun ń ṣe: ó ń sọ ojú iná kékeré di ńlá, etí òjìji á sì rọ̀. Ẹ má gbé e jìnnà o. Tó bá ti jìnnà, ó ti di kékeré padà.

Bátìrì inú fíláàṣì kò lè dá tan irú iná alágbára tí fíláàṣì ń tàn. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ a máa sọ agbára bátìrì di nǹkan bí 300 fólítì, a sì máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú kàpásítọ̀, bí ẹni ń fi ife bu omi kún àmù. Ohùn tín-ín-rín tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ya fọ́tò tán, iṣẹ́ yẹn ló ń lọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá tún tẹ kámẹ́rà, kọ́ìlì kékeré kan á ta iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì sára ìgò tí afẹ́fẹ́ xenon wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á jẹ́ kí iná kọjá, ohun tó wà nínú kàpásítọ̀ á sì dà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè máà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ní 1931 ni Harold Edgerton bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú iná yìí ya àwòrán ní MIT, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn.

Tí ẹ bá dín agbára fíláàṣì kù, iná kì í di bàìbàì. Àkókò tó fi ń tàn ló ń kúrú. Ìdí nìyẹn tí agbára 1/32 fi lè dá owó tí wọ́n ń ná sí ìyàwó lórí dúró lófuurufú. Ẹ má tú fíláàṣì nílé o. Kàpásítọ̀ a máa fi iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, iná ọ̀hún sì lè ṣe èèyàn léṣe.

Nítorí pé fíláàṣì ń tàn kíá báyìí, ṣọ́tà kò lè bù ú kù. Ojú lẹ́ńsì, ISO àti bí fíláàṣì ṣe jìnnà sí ẹni tí à ń yà ló ń pinnu iye tí ẹ ó rí gbà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ṣọ́tà ń ṣàkóso. Ẹ gun òkè Mápó lọ nírọ̀lẹ́, kí òrùn máa wọ̀ sórí àwọn páànù tó ti dípàtà láti Bẹẹrẹ títí dé Beyerunka. Ẹ kọ́kọ́ ya páànù àti sánmà láìtan fíláàṣì, títí wọ́n á fi dára lójú yín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ mú èèyàn dúró síwájú, kẹ́ ẹ tan fíláàṣì láti ẹ̀gbẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ dín fíláàṣì kù. Bí sánmà ló bá funfun jù, ṣọ́tà ni kẹ́ ẹ mú yára. Ó tán.

Àmọ́ ṣọ́tà náà ní ààlà, 1/200 tàbí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Aṣọ ìkélé méjì ni ṣọ́tà, ọ̀kan ń ṣí, èkejì ń tì. Bí ẹ bá sáré kọjá ààlà yẹn, èkejì á ti máa tì kí àkọ́kọ́ tó ṣí tán, ibi tó ti bò yóò sì di ìlà dúdú nínú fọ́tò. Àwọn fíláàṣì òde òní kan ní ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní HSS, tí iná á máa tàn wàràwàrà títí ṣọ́tà á fi kọjá tán, ṣùgbọ́n ó ń jẹ agbára gan-an.

Ọ̀sán gangan ló nira jù. Òrùn wà lókè orí, gèlè ti ṣíji bo ojú ìyá ìyàwó. Ní ISO 100 àti 1/200, òrùn Ìbàdàn á fẹ́ kí ojú lẹ́ńsì wà ní nǹkan bí f/11. Ẹ wá wo nọ́ńbà agbára tí wọ́n kọ sára páálí fíláàṣì, ká ní 60. Ẹ fi 11 pín in: ó lè tàn dé nǹkan bí mítà márùn-ún àti ààbọ̀. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Àṣé wọ́n wọn nọ́ńbà yẹn nígbà tí wọ́n fún ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ tóóró sí 200mm. Bí ẹ bá jẹ́ kó fẹ̀, tí ẹ tún fi agboòrùn sí i, ẹ ó ní láti sún mọ́ ìyá ìyàwó tó mítà kan tàbí díẹ̀ lé. Ní tèmi, ẹ mú wọn wọ ìbòòji lẹ́bàá òpó gbọ̀ngàn Mápó, ó rọrùn ju rírà fíláàṣì ńlá lọ.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá lọ jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ká ní àwọn ìjòyè jókòó ní ìlà mélòó kan, tí fíláàṣì jìnnà sí ìlà iwájú ní mítà méjì, sí ti ẹ̀yìn ní mítà mẹ́rin: àwọn ẹ̀yìn ń rí ìdá mẹ́rin ohun tí àwọn iwájú ń rí. Ẹ fà á sẹ́yìn, kó di mítà mẹ́fà sí mẹ́jọ, àwọn ẹ̀yìn á rí ju ìlàjì lọ. Ẹni tó bá so fíláàṣì mọ́ kámẹ́rà kò lè ṣe èyí àfi kó sún gbogbo ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ má sì retí àjà Mápó láti dá ìmọ́lẹ̀ padà fún yín, ó ga jù. Ti pálọ̀ kékeré tí wọ́n kùn ní funfun ló wúlò. Bí ògiri bá jẹ́ àwọ̀ ewé, gbogbo ojú ni yóò di àwọ̀ ewé.

Ní ti rírà, ẹ ṣọ́ra fún fíláàṣì àtijọ́ inú tòkunbọ̀. Àwọn Vivitar 283 àkọ́kọ́ lè dá ju 200 fólítì padà sẹ́nu kámẹ́rà, èyí tó lè jó kámẹ́rà òde òní. Fíláàṣì tuntun olówó pọ́ọ́kú bíi Godox TT600 kò ní ìyọnu yẹn, rédíò tó ń mú un tàn sì ti wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ ó fi sórí kámẹ́rà láti pàṣẹ fún un nìkan ló kù. Ẹ yí nọ́ńbà ìkànnì rédíò náà kúrò ní 1 o! Ẹ rántí pé Mápó ni wọ́n ti dé Olúbàdàn mẹ́ta ládé: Ọba Lékan Balógun ní 2022, Ọba Owólabí Olákùlẹ́hìn ní 2024, àti Ọba Ràṣídì Ládọjà ní 2025. Níbi tí ayàwòrán bá pọ̀ tó báyẹn, bí ẹ̀yin àti ẹlòmíì bá wà lórí ìkànnì kan náà, bó bá ṣe ń tẹ kámẹ́rà rẹ̀ ni yóò máa jẹ bátìrì yín. Godox ní ìkànnì 32, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ lọ́tọ̀.

Fíláàṣì kan, rédíò kan, agboòrùn funfun kan, ẹsẹ̀ tí ẹ ó gbé e lé, àti ọmọ iṣẹ́ tí yóò dì í mú nítorí atẹ́gùn òkè Mápó: ìyẹn tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì ra fíláàṣì kejì títí tí ẹ ó fi mọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gbé àkọ́kọ́ sí.