Kí awakọ̀ ka ara táyà kí ó tó sanwó

Bí táyà bá dúdú tí ó sì ń dán, ọ̀pọ̀ awakọ̀ a rò pé ó dára. Ṣùgbọ́n òróró lásán lè mú kí táyà tó ti gbó máa dán. Nọ́ḿbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ni ó ń sọ òtítọ́. Ẹni tó bá ti mọ nọ́ḿbà kà lè kà á fúnra rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni 195/65 R15 91H. 195 ni ìbú táyà náà, ní mìlímítà. 65 fi hàn pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú náà. 15 ni ìwọ̀n irin tí a ó fi táyà náà wọ̀, ní ìwọ̀n tí àwọn elédè Faransé ń pè ní pouce.

91H ni ó ń sọ agbára táyà. 91 kì í ṣe iye kílò, àmì ni. Ó túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 615. Àmì 88 jẹ́ kílò 560. Bí ọkọ̀ bá ń fẹ́ 91, tí awakọ̀ sì fi 88 sí i nítorí pé owó rẹ̀ kéré, agbára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dín ní kílò 220. Èyí ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin lọ.

Lẹ́tà H túmọ̀ sí pé eré táyà náà kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 210 lọ ní wákàtí kan. Ti T jẹ́ 190. Lóòótọ́, ta ni ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ láti Kútọnu lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́? Ṣùgbọ́n táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, tí ẹrù rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, ni a ṣe ìlérí yìí fún. Bí a bá kó ènìyàn mẹ́sàn-án sínú ọkọ̀ ènìyàn márùn-ún, tí afẹ́fẹ́ kò tó, tí oòrùn sì mú, táyà yóò gbóná títí yóò fi bẹ́ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ orí táyà wà nínú nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT. 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2016. Bí nọ́ḿbà mẹ́rin yìí kò bá sí ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí a yí táyà náà padà, kí a wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Rọ́bà a máa gan, a sì máa sán, bí a kò tilẹ̀ lò ó. Nítorí náà, táyà àlòkù tí ojú rẹ̀ kò tíì jẹ lè ti gbó.

Kí awakọ̀ tó lọ sí ọjà, kí ó wo ìwé ọkọ̀ rẹ̀ tàbí ohun tí a kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ó sì da nọ́ḿbà táyà tó wà níbẹ̀ kọ sínú ìwé kékeré kan. Bí òǹtajà bá ń kán an lójú, kí ó mú ìwé náà jáde, kí ó sì fi wé ti ara táyà.