Ta Ni Yóò Tọ́jú Àwọn Tó Ń Tọ́jú Wa?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àjọ aláàánú tó ń ṣiṣẹ́ ìlera rí. Dókítà àti nọ́ọ̀sì wọn ni aráàlú mọ̀; ẹni tí a kì í sábà rí ni alákòóso ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó ń gbà wọ́n síṣẹ́, tó sì ń ṣètò owó oṣù, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìsinmi wọn.

Ní irú àjọ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ọmọnìyàn ló mú ọ̀pọ̀ wá sẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ẹni tó ń fi ìfẹ́ ṣiṣẹ́ kì í mọ ìgbà tó yẹ kí ó sinmi. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé wàhálà iṣẹ́ tí a kò bójú tó máa ń mú kí okun òṣìṣẹ́ tán, kí ọkàn rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dín kù. Alákòóso ló yẹ kí ó kọ́kọ́ rí àmì wọ̀nyí.

Ewu mìíràn wà lójú pápá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, àwọn agbébọn jí òṣìṣẹ́ ìlera mẹ́ta gbé ní ìlú Rann, ìpínlẹ̀ Borno. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti pa méjì nínú wọn, Saifura Khorsa àti Hauwa Liman, tí wọ́n jẹ́ agbẹ̀bí. Kí alákòóso tó rán ẹnikẹ́ni lọ sí irú ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ewu tó wà níbẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́, kí ó sì fún un láyè láti kọ̀.

Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san 1% àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò àjọ NSITF, kí ẹni tó fara pa tàbí tó kó àrùn lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó gbà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán 10%, kí òṣìṣẹ́ dá 8%.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera 28,000 ní Nàìjíríà ni owó náà ń san owó oṣù wọn. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni a ń mọ alákòóso rere. Yóò tètè sọ òótọ́ fún òṣìṣẹ́, yóò san ẹ̀tọ́ wọn pé, yóò sì rí i pé a fa àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ẹni tó ń lo oògùn kòkòrò HIV má baà ṣàìrí tirẹ̀ gbà.

Ẹ̀yin aláṣẹ àjọ aláàánú, bí ẹ bá ń ṣírò owó oògùn àti owó epo ọkọ̀, ẹ má ṣe gbàgbé owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́. Ara rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yín dúró lé.