Kí ló dé tí Kòrónà fi pa aláwọ̀ dúdú jù ní Chicago àti London?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn ká Amẹ́ríkà, ìlú Chicago gbé iye àwọn tó ti kú jáde. Aláwọ̀ dúdú kò ju nǹkan bí 30 lọ nínú 100 ará ìlú náà, ṣùgbọ́n nínú 100 òkú, nǹkan bí 70 ló jẹ́ tiwọn. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ONS, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní bí a bá fi ojúgbà wé ojúgbà, ewu kí Kòrónà pa aláwọ̀ dúdú ní England àti Wales ju ìlọ́po mẹ́rin ti aláwọ̀ funfun lọ. Kòkòrò àrùn kò mọ ẹ̀yà, àmọ́ iṣẹ́, ilé àti ìtọ́jú tí kálukú ń rí kò dọ́gba. Ìjọba tó bá fẹ́ dá ẹ̀mí sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹrù náà wọ̀ lọ́rùn jù.

Àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ìṣòro náà wà. Ṣùgbọ́n ONS kan náà fi hàn pé nígbà tí wọ́n ro ipò ìṣẹ́, àdúgbò, ilé àti ìlera àwọn èèyàn mọ́ ọn, ìlọ́po mẹ́rin náà wálẹ̀ sí bí ìlọ́po méjì. Nígbà tí àrùn náà tún gbérí ní ìparí ọdún yẹn, ewu tó dojú kọ àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní England dín kù gan-an, nígbà tí ti àwọn ọmọ Bangladesh ń le sí i. Ẹ̀jẹ̀ kì í yí padà láàárín oṣù mélòó kan. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń ṣe ní London, kò lè jókòó sílé ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ìyá àgbà, òbí àti ọmọ jọ ń gbé kò láyè tí aláìsàn lè dá wà.

Irinṣẹ́ ìtọ́jú pàápàá ní ọwọ́ nínú àìdọ́gba yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan yẹ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há aláìsàn níka wò, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín àwọn tí ẹ̀rọ náà ní kò sí ewu fún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ jù lára bí 12 nínú 100 aláwọ̀ dúdú. Kò tó 4 nínú 100 aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n lò fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó tinú rẹ̀ jáde kò dọ́gba. Ẹ rántí Tuskegee ní Amẹ́ríkà náà, níbi tí àwọn oníṣègùn ìjọba ti ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní àrùn rẹ́kórẹ́kó láti 1932 títí di 1972 láìtọ́jú wọn. Kò yani lẹ́nu bí àwọn kan bá ṣiyèméjì nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ìjọba.

Àtakò tó lágbára jù ni pé bí a bá pín ìrànlọ́wọ́ nípa àwọ̀, aláwọ̀ dúdú olówó á gbà, aláwọ̀ funfun tálákà á pàdánù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á fi àdúgbò, iṣẹ́ àti ilé pín in, kí á sì máa fi ẹ̀yà ka iye òkú láti mọ̀ bóyá ìrànlọ́wọ́ náà dé ibi tó yẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn arúgbó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí ewu tó dojú kọ wọn ni. Ìlànà kan náà nìyí. Ní Philadelphia, dókítà oníṣẹ́-abẹ Ala Stanford kò dúró de ìjọba: láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ló ti ń gbé àyẹ̀wò lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti sí àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 2021, ó ṣí iléèwòsàn síbẹ̀. Irú iléèwòsàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìjọba máa náwó sí nígbà tí ara bá tu ìlú, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé nígbà tí àrùn bá ti wọlé.