Àwọn ará ilẹ̀ yìnyín ti ya oko wọn sórí ìwé, àwa ará Ìjerò ńkọ́?

Oṣù Kejìlá tó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí oko kòkó wọn lẹ́yìn Ìjerò. Ká tó dé ìdí kòkó, wọ́n na ọ̀pá sí pèrègún kan tó ti gbó. "Ibí ni tiwa parí sí." Wọ́n fi odò kékeré kan hàn mí tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Lódìkejì odò yẹn, kòtò ńlá ni mo rí, òkúta funfun yí i ká, omi pupa dúró sínú ẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló gbẹ́ ẹ.

"Àwọn kan ló wá. Wọ́n ní àwọn gba ìwé. Wọ́n bi mí pé ìwé tèmi dà. Lọ́yà, ìwé wo ni pèrègún ní?"

Èmi tí mo kàwé òfin, ẹnu mi wọhò.

Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sọ́nà jíjìn díẹ̀. Lókè àríwá Kánádà, níbi tí òkun ti ń dì bí òkúta fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Inuit. Ọdẹ àti apẹja ni wọ́n láti ayébáyé. Àwọn náà kò ní ìwé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń wá epo àti kùsà ti ń ya wọ agbègbè wọn. Láàárín 1973 sí 1976, Milton Freeman, onímọ̀ nípa ìgbé ayé ẹ̀dá, kó àwọn olùwádìí jọ. Wọn ò jókòó sí yunifásítì o. Abúlé dé abúlé ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń tẹ́ máàpù síwájú ọdẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó fa ìlà sí gbogbo ibi tó ti dọdẹ rí láyé ẹ̀, ibi tó ti pẹja, ibi tó ti pàgọ́. Ọdẹ tó lé ní 1,000 ló ya tiẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba rò pé ó ṣófo kún fún ipa ẹsẹ̀.

Ìwé náà jáde ní 1976, òun sì wà lára ohun táwọn Inuit fi bá ìjọba dúnàádúrà. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1993. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin, 1999, Nunavut di agbègbè tó ní ìjọba tirẹ̀. Nǹkan bí 350,000 kìlómítà níbùú lóròó di ti Inuit, wọ́n sì ni kùsà abẹ́ ilẹ̀ nínú nǹkan bí 36,000 lára ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, wọ́n yọwọ́ nínú ẹ̀tọ́ wọn lórí ìyókù.

Èyí tó dùn mí jù rèé: ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, gbé ìjọba òyìnbó lọ sí Privy Council ní London lórí ilẹ̀ Àpápá, ó sì jàre ní 1921. Ní 1973, nígbà tí àwọn Nisga'a, ẹ̀yà ìbílẹ̀ mìíràn ní Kánádà, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀, àwọn adájọ́ tọ́ka sí ẹjọ́ Olúwa yìí. Nisga'a ò jàre, àmọ́ ohun táwọn adájọ́ sọ ló mú ìjọba gbà láti jókòó bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, ní 1978, ìjọba ológun tiwa gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, ó kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. A fún ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́, a wá ti ara wa mọ́ta.

Ní Ìjerò, tantalite, tourmaline àti lithium tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù àti mọ́tò oníná wà lábẹ́ ilẹ̀. Abala 44 ìwé òfin Nàìjíríà ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Gómìnà ló ni òkè, Àbújá ló ni ìsàlẹ̀, kí wá ló kù fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi? Lóòótọ́, abala 116 òfin ìwakùsà ti 2007 ní kí ẹni tó gba ilẹ̀ ìwakùsà bá ará ìlú ṣàdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ta wá ni ará ìlú? Ẹni tó mọ ọ̀nà ààfin àti ọ́fíìsì ni wọ́n sábà máa ń pè. Ẹni tí odò ẹ̀ ti dàrú kì í sí níbẹ̀.

Kóòtù ò kórìíra ìtàn àtẹnudẹ́nu. Láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ìtàn ìdílé ti wà lára ọ̀nà márùn-ún téèyàn lè fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìtàn ọ̀hún ti ń lé ní ọgọ́rin ọdún. Peter Lloyd ṣe irú ìwádìí yìí ní Adó-Èkìtì, ìwé rẹ̀, Yoruba Land Law, tó jáde ní 1962, ṣì ń wúlò fún àwa lọ́yà. Àmọ́ Adó kì í ṣe Ìjerò, kì í ṣe Arámọkọ, òkè Ẹ̀fọ̀n náà sì ní ọ̀nà tiẹ̀. Yunifásítì wà ní Adó, òmíràn wà ní Ọ̀yẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan, fóònù tó ń fi ibi téèyàn dúró sí hàn, ẹ̀ẹ̀rùn kan: ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí máàpù náà ṣáà wà lọ́wọ́ ìdílé o, kó má lọ di ohun tí awakùsà fi ń wá ọ̀nà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tẹ́ páálí sílẹ̀ ní pálọ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pèrègún. Wọ́n dá orúkọ odò mẹ́sàn-án, wọ́n gbàgbé ìkẹwàá. Wọ́n ní ká dúró de ìyàwó wọn kó ti ọjà dé, torí òun ló máa ń pọnmi níbẹ̀.