Ooru Nínú Ilé, Omi Híhó Lórí Òrùlé

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, ooru ìlú Adelaide ní gúúsù Ọsirélíà dé ìwọ̀n 46.6 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó ga jù lọ nínú gbogbo àkọsílẹ̀ ìlú náà títí di ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń wá omi gbígbóná ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lórí òrùlé ọ̀pọ̀ ilé ní Adelaide, ní Perth àti káàkiri ilẹ̀ náà, ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba oòrùn, kó sì fi se omi. Ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, kò sì mọ̀ pé onílé ti lọ lo ìsinmi Kérésì létí òkun. Bí oòrùn bá ti ń ràn, sísè ni. Nígbà tó bá yá, omi híhó á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu páìpù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, onílé á sì gbà pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé ooru tó ń da ẹ̀rọ omi yìí láàmú àti ooru tó ń da èèyàn láàmú nínú yàrá, ọ̀kan náà ni wọ́n, ọ̀nà kan náà la sì fi ń kápá wọn: ká dá oòrùn dúró níta kó tó wọlé. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó wọlé tán kó tó máa lé e, owó ńlá ni yóò fi lé e, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀mí ló ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ẹ̀rọ yìí sọ́tọ̀ sí sólà tí a mọ̀ nílé. Sólà tó kún orí òrùlé Èkó àti Ìbàdàn báyìí, iná mànàmáná ló ń pèsè, òun ló ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bátìrì àti ínfátà. Ti omi kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí pẹlẹbẹ tó ní gíláàsì lójú ni. Irin dúdú wà nínú rẹ̀, àwọn páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ sì so mọ́ irin náà. Wọ́n kùn ún ní dúdú kó lè fa ooru mọ́ra, gíláàsì kò sì ní jẹ́ kí ooru náà tètè sá lọ. Omi tó bá gbóná nínú páìpù a máa fúyẹ́ ju omi tútù lọ, á gòkè fúnra rẹ̀ sínú táǹkì tó dùbúlẹ̀ lókè àpótí, omi tútù á sì sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Kò nílò pọ́ǹpù, kò nílò iná láti gbé omi náà, kò sí ariwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Clarence Kemp ti ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1891. Ní Perth ni ilé iṣẹ́ Solahart ti bẹ̀rẹ̀ ní 1953, Roger Morse, onímọ̀ ẹ̀rọ ní CSIRO, ìyẹn àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba Ọsirélíà, náà sì ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí irú ẹ̀rọ yìí. Ìgbà ooru wọn lọ́hùn-ún bọ́ sí oṣù Ọ̀pẹ sí oṣù Èrèlé, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ tiwa náà.

Ká wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ká ní táǹkì gba lítà 300. Bí omi inú rẹ̀ bá kúrò ní ìwọ̀n 20 tó sì dé 60, omi náà á wú. Wíwú yìí lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ ó tó lítà mẹ́rin sí márùn-ún, irin táǹkì kò sì ní ibi tó máa nà sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi fáàfù kan sí ẹ̀bá orí rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe kó máa ṣí fúnra rẹ̀ bí omi bá ń ti irin jù, tàbí bí omi náà bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 99. Ní Adelaide àti Perth, níbi tí omi ẹ̀rọ ti ní ẹfun púpọ̀ nínú, wọ́n tún máa ń fi fáàfù kejì sí ọ̀nà tí omi tútù ń gbà wọlé, kó lè jẹ́ pé omi tútù ni yóò kọ́kọ́ máa jáde, kí ẹfun má baà dí fáàfù àkọ́kọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, ìkán-tó-tó-tó tí ẹ ń rí lọ́sàn-án ọjọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín, iṣẹ́ ni fáàfù ń ṣe. Tí onílé bá rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀, tí wọn kò fọ aṣọ, omi tí oòrùn ti sè lánàá ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sè lónìí. Bí táǹkì bá wá kún fún omi gbígbóná dénúdénú, kò sí ibi tí ooru tuntun máa gbà àfi ẹnu fáàfù yẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé omi ń ṣòfò, pàápàá nílẹ̀ tí ọ̀dá omi kì í pẹ́ dé, pé kí wọ́n kúkú dí ẹnu páìpù náà pa. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láé. Omi tí wọ́n bá sé mọ́ inú irin lè gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ láì hó, nítorí kò rí àyè. Ọjọ́ tí irin náà bá ya, apá kan nínú omi náà á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ lítà omi kan tó bá di oru á gba àyè tó ju lítà 1,600 lọ. Ohun tí ń fọ́ ilé nìyẹn. Tó bá jẹ́ omi tó ń ṣòfò ló ń dunni, ẹ gbé garawa síbẹ̀. Ó máa tutù, ẹ ó sì fi bomi rin ọgbà. Ọ̀nà kan tún wà tí a lè fi mọ fáàfù tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́. Èyí tó dára máa ń kán nígbà tí omi bá ń gbóná lọ́wọ́, á sì dákẹ́ bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò sí iná tó ń se omi náà. Bó bá ń ṣàn láti alẹ́ mọ́jú, àbí tí kò kán rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru títí dé òpin rẹ̀, ẹ pe plọ́mbà. Ọwọ́ kékeré kan wà lára fáàfù náà tó yẹ kí a máa rọra gbé sókè lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí omi díẹ̀ tú jáde, kí ẹfun má baà lẹ̀ ẹ́ pa.

Tí a bá wá ní ká dá oòrùn dúró kó tó débẹ̀, kí la máa ṣe? Èyí tó rọrùn jù ni kí a bo ojú gíláàsì náà pẹ̀lú tápólì tàbí aṣọ ìbòji nígbà tí a bá fẹ́ kúrò nílé, tàbí kí a bo apá kan rẹ̀ ní àárín gbùngbùn ìgbà ooru. Ẹlòmíì á bi mí pé kí ló dé tí a fi ra ẹ̀rọ tó ń gba oòrùn tí a ó tún wá máa fi aṣọ bò ó. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìgbà òtútù la ra ẹ̀rọ náà fún. Ìgbà ara là á búra. A kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ní oṣù Òkúdù, nígbà tí òtútù bá mú Perth, oòrùn ọ̀sán kì í gòkè púpọ̀, ó máa ń fì sí ìhà àríwá ni. Ní oṣù Ọ̀pẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí gan-an. Plọ́mbà tó mọṣẹ́ rẹ̀ á mú àpótí náà nàró díẹ̀ sí i ju bí òrùlé ṣe dagun lọ, kó lè dojú kọ oòrùn ìgbà òtútù tààrà, kí ti ìgbà ooru sì máa fẹ̀gbẹ́ gbá a. Ẹni tí wọ́n bá ti gbé tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí òrùlé, tápólì ló kù fún un. Kó rí i pé òun so ó le, kó sì ti kùtù òwúrọ̀ gun òrùlé, nítorí gíláàsì tí oòrùn ti yan tán kò ṣeé fọwọ́ kàn, òrùlé náà kò sì ṣeé dúró lé.

Àwọn mìíràn rò pé àwọn kàn lè yí bọ́tìnnì ìgbóná sílẹ̀. Bọ́tìnnì yẹn, iná tàbí gáàsì tó ń ran oòrùn lọ́wọ́ nìkan ló ń darí. Kò lè sọ fún oòrùn pé ó tó. Ó dára kí ẹ pa iná náà lásìkò ooru tí oòrùn bá ń dá iṣẹ́ náà ṣe, owó iná á sì wálẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ jókòó sínú táǹkì fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Legionella, tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, a máa gbèrú nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin wọn fi sọ pé kí wọ́n máa tọ́jú omi náà ní ìwọ̀n 60, ṣùgbọ́n kí èyí tó máa jáde ní balùwẹ̀ má ju 50 lọ. Fáàfù kan tó ń po omi tútù mọ́ omi gbígbóná ló ń ṣe ìyẹn. Ní ìwọ̀n 60, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti bó ọmọdé lára. Lọ́jọ́ tí ooru bá sì pọ̀, omi inú táǹkì lè dé 80 tàbí 90. Bí fáàfù ìpòpọ̀ yìí bá gbó, kò ní kán, kò ní pariwo. Ìgbà tí ọmọ bá ké ní balùwẹ̀ ni wọ́n tó máa ń mọ̀. Tí ẹ bá ní ọmọdé tàbí arúgbó nínú ilé, ẹ gbọn omi gbígbóná sínú ife, ẹ ki òṣùwọ̀n ìgbóná bọ̀ ọ́, ẹ wò ó kí ìgbà ooru tó wọlé dé.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé wá sínú yàrá. Ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009, ooru kan mú ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, ìjọba sì ṣírò rẹ̀ pé èèyàn 374 ló kú ju iye tí ì bá kú lásìkò bẹ́ẹ̀ lọ, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti lé ní ọdún 75. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ keje oṣù Èrèlé, iná igbó pa èèyàn 173 ní ìpínlẹ̀ kan náà. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa iná náà. Ooru tó ti pa ju ìlọ́po méjì iye yẹn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló fi ṣe tirẹ̀, nínú yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí kò ti sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ni púpọ̀ nínú ooru bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé. Ìbòji tó bá wà níta fèrèsé lè dí tó ìdá 90 nínú ìdá 100 ooru oòrùn tí ì bá gba ojú gíláàsì kọjá. Kọ́tìnnì inú ilé kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, torí pé kí oòrùn tó kan aṣọ kọ́tìnnì, ó ti wọlé ná. Ní Perth, afẹ́fẹ́ tútù kan máa ń ti orí òkun fẹ́ wọlé lọ́sàn-án ìgbà ooru, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Dókítà Fremantle. Àwọn tó gbọ́n á ti ilé pa láti òwúrọ̀, wọ́n á sì ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí Dókítà náà bá dé.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù á sọ pé èwo ni tòun nínú gbogbo èyí. Ẹ̀rọ náà dára, ó sì ń gba ẹ̀mí arúgbó là. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Àmọ́ ọjọ́ tí gbogbo ìlú bá tan tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà ni iná máa ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Melbourne, olú ìlú Victoria, nínú ooru 2009 yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìpínlẹ̀ South Australia ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Èrèlé 2017, nígbà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa iná nǹkan bí 90,000 ilé kí gbogbo rẹ̀ má baà dojú dé. Nígbà tí iná bá lọ, ilé tó ní ìbòji ṣì máa wà ní gbígbé. Èyí tí kò ní, ààrò ni. Irú ẹ̀rọ omi mìíràn wà tó ń lo pọ́ǹpù, òun náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: bí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dúró, omi kò ní lọ bọ̀ mọ́, ooru orí òrùlé lè kọjá ìwọ̀n 150.

Àtakò tó lágbára jù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ yìí ti dogbó, pé kí wọ́n tú u kúrò, kí wọ́n fi sólà oníná rọ́pò, kí iná náà sì máa gbé ẹ̀rọ tó ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ sínú omi. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí iná tó bá ṣẹ́kù ṣeé lò fún fáànù àti fíríìjì, omi híhó tó ṣẹ́kù kò ṣeé lò fún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n sólà oníná náà kò fẹ́ràn ooru: bó bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 25, agbára rẹ̀ máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Mi ò sì rí ìdí tí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ fi máa jù ú nù nítorí ìṣòro tí tápólì kan lè yanjú.

Àwọn baba wa tó ń kọ́lé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbígbòòrò, tí wọ́n ń gbin igi odán síwájú ilé, mọ ọ̀ràn yìí dunjú. Àwa ló wá ń kọ́ ilé onígíláàsì ńláńlá tí kò ní ìbòji kankan, tí a sì ń gbé e fún jẹnẹrétọ̀ kó máa mú un tutù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Perth, Adelaide tàbí Melbourne, ẹ pè wọ́n kí oṣù Ọ̀pẹ tó wọlé. Ẹ bi wọ́n bóyá sólà omi ló wà lórí òrùlé ilé tí wọ́n háyà. Bó bá jẹ́ òun ni, kí wọ́n sọ fún onílé kó wá yẹ àwọn fáàfù rẹ̀ wò, kí wọ́n má sì dí ẹnu páìpù náà lábẹ́ bó ti wù kó rí. Lọ́jọ́ tí ooru bá sì kọjá 40, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn bàbá tàbí ìyá arúgbó tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.