Ọjà Tí Ẹ Rà ní Kútọnu Lè Má Jẹ́ Ọjà Bẹ̀nẹ̀
Ìlàlóye fún àwọn tó ń kó ẹrù láti Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Gámbíà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ìwé orísun ọjà lọ́wọ́ wa, kí ẹrù yín lè wọ Banjul láìsan owó ẹnubodè lábẹ́ ètò òwò ọ̀fẹ́ ECOWAS (tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí CEDEAO), ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó gbéra nílé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń dá padà ní káńtà kò rú òfin kankan. Ẹrù tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ètò náà kò kàn.

"Ibí ni mo ti rà á" kò tó

Ohun tí à ń gbọ́ jù lọ ní káńtà nìyí: "Ọjà Dantokpa ni mo ti rà á, wọ́n ti san owó dùáànì rẹ̀ ní èbúté, rísíìtì rẹ̀ nìyí." Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ a kò ní lè lu òǹtẹ̀ fún yín. Ètò yìí kò bìkítà nípa ibi tí ẹ ti ra ọjà. Ibi tí ó ti hù, tàbí ibi tí wọ́n ti ṣe é, ló ń béèrè. Ìrẹsì tó ti Thailand tàbí Íńdíà wá, tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu, tí ẹ rà lọ́wọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ìrẹsì Thailand tàbí ti Íńdíà ni títí yóò fi wọ ìkòkò. Owó tí wọ́n san lé e lórí ní èbúté ló jẹ́ kó ṣeé tà ní Bẹ̀nẹ̀. Owó yẹn kò sọ ọ́ di ọmọ Bẹ̀nẹ̀.

Kò yà wá lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ yìí ń rú àwọn èèyàn lójú. Bẹ̀nẹ̀ àti Gámbíà jìnnà síra, ṣùgbọ́n wọ́n jọra ní ohun kan: orílẹ̀-èdè kékeré ni àwọn méjèèjì, èbúté wọn sì ń gba ọjà tó ju èyí tí ará ilé lè lò tán. Ti Kútọnu ń gba ẹ̀yìn lọ sí Nàìjíríà àti Niger, ti Banjul ń lọ sí Senegal, Guinea àti Mali. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí irú òwò bẹ́ẹ̀, ojú ọjà ìlú rẹ̀ ni yóò máa fi wo gbogbo ohun tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó sì fẹ́ kó ṣúgà tàbí ìrẹsì láti Banjul bọ̀ wá sílé níbí, òfin kan náà ni yóò bá pàdé.

Nítorí pé a ti sọ ọ́ lẹ́nu sọ ọ́ lẹ́nu, tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé ẹrù kan náà wá, ẹ jẹ́ ká dárúkọ wọn.

Aṣọ ankara tí wọ́n tẹ̀ ní Netherlands tàbí ní Ṣáínà kì í ṣe ọjà Bẹ̀nẹ̀. A mọ̀ pé àwọn ìyá wa ló ń sọ aṣọ náà lórúkọ, pé bí wọn kò bá sọ ọ́ lórúkọ, kò ní tà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò yí ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ padà. Ọkọ̀ àlòkù tó ti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà wá kì í ṣe ọjà Bẹ̀nẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ tún un kùn, tí ẹ pààrọ̀ gbogbo táyà rẹ̀. Tòmátò alágolo láti òkè òkun kì í ṣe ọjà Bẹ̀nẹ̀. Ìrẹsì tí ẹ tú kúrò nínú àpò ńlá, tí ẹ dì sínú ọ̀rá kéékèèké, tí ẹ wá tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ yín àti àwòrán àsíá Bẹ̀nẹ̀ sí i lára, ìrẹsì òkè òkun náà ni. Irú rẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, nítorí pé ẹni tó ṣe é náwó sórí ọ̀rá àti ẹ̀rọ ìdìpọ̀, ó sì gbà pé òun ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ni lóòótọ́. Kì í ṣe irú iṣẹ́ tí òfin ń kà. Dídì, títúndì, fífọ̀, ṣíṣà, lílẹ orúkọ mọ́ ọn, pípò ó pọ̀ mọ́ òmíràn lásán: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í yí orísun ọjà padà.

Iṣẹ́ wo wá ni òfin ń kà? Ó wà nínú ìwé àdéhùn A/P1/1/03 tí àwọn olórí ECOWAS fọwọ́ sí ní 31 January 2003. Bí ọjà bá hù nílẹ̀ wa, tí a bí i nílẹ̀ wa, tí a wà á tàbí tí a pa á nínú omi wa, tiwa ni, kò sí àríyànjiyàn. Bí ó bá ní ohun èlò láti òkè òkun nínú, ọ̀nà méjì ló lè gbà di tiwa.

Àkọ́kọ́ ni kí iṣẹ́ tí ẹ ṣe sọ ọ́ di ohun mìíràn pátápátá nínú ìwé owó ẹnubodè. Gbogbo ọjà ayé ló ní nọ́ńbà nínú ìwé yẹn, ẹyọ mẹ́rin àkọ́kọ́ la sì ń wò. Ẹ wo ọṣẹ. Iléeṣẹ́ kan ra epo pupa ní Pọ́bẹ̀ tàbí Sakété, nọ́ńbà epo náà ni 1511. Ó ra sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ láti òkè òkun, nọ́ńbà tirẹ̀ ni 2815. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà bá sè é tán, 3401 ni nọ́ńbà ọṣẹ tó jáde. Sódà tó ti òkè òkun wá ti kúrò ní 2815, ó ti di ọṣẹ. Ọjà Bẹ̀nẹ̀ ni. Ẹ wá fi ìrẹsì tí ẹ tún dì wé e: 1006 ló jẹ́ kí ó tó wọ ilé iṣẹ́ yín, 1006 náà ló jẹ́ nígbà tó jáde.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí nọ́ńbà ọjà rẹ̀ kò yí padà. Bí iye tí iṣẹ́ yín níbí fi kún ọjà náà bá tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹ ń tà á ní ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́, láìka owó orí, a lè kà á sí tiwa. Ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ la fi ń mọ èyí. Ẹni tí kò bá tọ́jú ìwé ìṣirò, kó má wulẹ̀ wá nítorí ọ̀nà kejì yìí.

Ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ ń béèrè nípa ankara tí ẹ rán di búbá àti ìró tàbí kaba, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti ẹni tó kó ìdì aṣọ tí kò fọwọ́ kàn. Nọ́ńbà aṣọ tí a ti rán kì í ṣe nọ́ńbà aṣọ tí a kò tíì gé. Ẹ wá, a óò jọ wo ìwé yín.

Àwọn tí kò yẹ kó tò lórí ìlà wa

Ẹni tó ń kó iṣu, àgbàdo, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn kò nílò ìwé orísun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ẹní tàbí apẹ̀rẹ̀, tó mọ ìkòkò, tó fi ọwọ́ pa aṣọ láró. Láti 1979 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ni irú ọjà wọ̀nyí ti wà nínú rẹ̀. Ọjà iléeṣẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní 1990. A máa ń rí ìyá àgbà tó tò láti àárọ̀ nítorí iṣu, inú wa kì í dùn sí i. Ìwé ìlera ohun ọ̀gbìn tàbí ti ẹran ni kí wọ́n gbà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí iléeṣẹ́ ti fún di omi inú ìgò ti kúrò ní ti oko, ìwé orísun yẹ ẹ́.

Kí ẹni tó ní èso kàjú tí a kò tíì pa rántí pé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ní kí irú rẹ̀ má jáde nílẹ̀ yìí mọ́ láti April 2024. Orísun rẹ̀ dájú, àmọ́ kò sí ìwé tiwa tó lè gbé e kọjá.

Ẹ má dúró kí mọ́tò kún kí ẹ tó wá

Iléeṣẹ́ tí kò tíì gba ìfọwọ́sí kò lè gba ìwé orísun. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ óò kọ́kọ́ gbé ọjà yín lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nílẹ̀ wa. Bí wọ́n bá gbà á, a óò fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ àpapọ̀ ECOWAS ní Abuja, àwọn ni wọn yóò sì fi tó àwọn orílẹ̀-èdè yòókù létí. Ìgbà tí orúkọ iléeṣẹ́ àti ti ọjà náà bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè Gámbíà ni ìwé tí a bá lu òǹtẹ̀ fún yín lè ní ìtumọ̀ lójú wọn. Ìfọwọ́sí náà wà fún ọjà tí ẹ dárúkọ nìkan. Ẹni tó gbà á fún ọṣẹ ìfọṣọ kò lè fi kó omi èso.

Lẹ́yìn ìfọwọ́sí, ìwé orísun kan ni fún ẹrù kan. Èyí tí ẹ gbà fún ẹrù tó lọ níjọ́sí kò ṣiṣẹ́ fún ti òní.

Nítorí náà, ẹni tó bá sáré wọlé pé mọ́tò òun ti kún, dírẹ́bà òun ń dúró lójú títì, tí kò sì tíì gba ìfọwọ́sí, kò sí ohun tí a lè ṣe fún un lọ́jọ́ náà, ẹni yòówù kó mọ̀ nínú ọ́fíìsì wa.

Àwọn tó ń dúró níta géètì

Wọn yóò pè yín ní "ìyá mi" tàbí "àǹtí mi". Wọn yóò ní àwọn ní ìwé tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí, pé kí ẹ kàn kọ orúkọ ọjà yín sí i. A bẹ̀ yín, ẹ má fi owó yín fún wọn. Bí àwọn aṣọ́bodè ní Banjul bá ṣiyèméjì, wọ́n láṣẹ láti kọ̀wé sí wa kí wọ́n mọ̀ bóyá lóòótọ́ la fún yín ní ìwé náà. Inú rẹ́jísítà wa la óò yẹ̀ wò. Bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, a óò dá wọn lóhùn pé a kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ẹrù wà lọ́wọ́ yín ni wọn yóò sì mú, nítorí ẹni tó ta ìwé náà fún yín kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan.

Ajẹ́ńtì tó ní ìwé àṣẹ yàtọ̀ sí wọn, ẹ lè rán an sí wa. Kí ó mú lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí dání. Owó ìwé wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, inú ọ́fíìsì la sì ti ń san án, pẹ̀lú rísíìtì.

Owó tí ẹ óò ṣì san

Àwọn kan ti padà wá bá wa jà pé a tàn wọ́n jẹ, nítorí pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ wọn ní Banjul. Owó ẹnubodè ni ìwé orísun ń mú kúrò. Lórí ọjà tó ti òkè òkun wá, owó yẹn wà ní ìpele márùn-ún nínú ìwé owó ẹnubodè ECOWAS: òdo, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT kò sí nínú ohun tó mú kúrò. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ní Gámbíà, ọjà tí wọ́n ṣe ní Gámbíà gan-an ń san án, tiyín náà yóò san án tí kò bá sí lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ èrè yín kí ẹ tó sọ iye fún oníbàárà. Dàlásì ni wọ́n sì ń ná níbẹ̀, kì í ṣe séfà.

Lójú ọ̀nà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ilẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdìdì di ẹrù yín níbí lábẹ́ ètò ìrékọjá tí wọ́n ń pè ní TRIE, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a títí ẹ óò fi dé Gámbíà. Bí ẹ bá fẹ́ gba Mali kọjá, ẹ fi sọ́kàn pé Mali ti kúrò nínú ECOWAS láti 29 January 2025, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wa kí mọ́tò tó gbéra.

Ohun tí ẹ óò mú wá sí káńtà

Ìwé ìfọwọ́sí ọjà náà, ìwé ìdíyelé tí ẹ kọ fún oníbàárà yín ní Gámbíà, ìwé tó sọ iye àpò tàbí páálí àti bí wọ́n ṣe wúwo tó, àti fọ́ọ̀mù wa tí ẹ ti kọ tán. Kí orúkọ iléeṣẹ́ tó wà nínú gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ìfọwọ́sí bá wà lórúkọ bàbá, tí ìdíyelé wà lórúkọ ọmọ, a kò ní gbà á, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.