Àkọtọ́, Àmì Ohùn àti Kátálọ́ọ̀gì: Ohun tí Ilé Ìkàwé Yunifásítì Lè Ṣe fún Olùwádìí Yorùbá

Bí olùwádìí tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìtàn àròsọ Yorùbá ìgbà ìjọba amúnisìn bá tẹ "Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá" sínú kátálọ́ọ̀gì orí ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà dáhùn pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Ìwé náà sì lè wà lórí pẹpẹ nínú ilé kan náà. I. B. Thomas ni ó kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ jáde bí lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, kí ó tó di ìwé. "Aiye" ni wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀, kì í ṣe "Ayé", àkọsílẹ̀ kátálọ́ọ̀gì kì í sì í sábà ní àmì ohùn. Ẹ̀rọ tí ó ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ti àpilẹ̀kọ oyè ni ó burú jù: ẹni tí kò rí iṣẹ́ tí àwọn aṣáájú ti ṣe yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó ṣe é rí, yóò sì fi ọdún mẹ́ta tún un ṣe.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrànlọ́wọ́ tí ilé ìkàwé lè ṣe fún olùwádìí ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì, owó jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀kọ́ Yorùbá, àpótí ìṣàwárí kátálọ́ọ̀gì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe.

Ohun tí ó fa ìṣòro yìí ti pẹ́. Ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní 1875 fìdí àkọtọ́ kan múlẹ̀. Àkọtọ́ 1974 sì yí púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. "Enia" di "ènìyàn", "yio" di "yóò", "aiye" di "ayé". Orúkọ ìlú kò tilẹ̀ tẹ̀lé e tán: "Oshogbo" àti "Òṣogbo" ṣì jọ ń rìn títí di òní.

Kọ̀ǹpútà wá fi tirẹ̀ kún un. Nínú Unicode, kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún "ẹ́". Ẹnìkan lè fi àmì òkè (U+0301) sórí "ẹ" (U+1EB9). Ẹlòmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) sábẹ́ "é" (U+00E9). Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Unicode fúnra rẹ̀ ka méjèèjì sí ọ̀kan, ó sì ní ìlànà tí a fi ń sọ wọ́n di ọ̀kan kí ìṣàwárí tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà yìí kò ran ẹni tí ó lo ìlà kékeré olóòró (U+0329) dípò àmì tóótó lọ́wọ́, nítorí pé àmì mìíràn ni Unicode kà á sí. Ilé ìkàwé gbọ́dọ̀ kọ òfin yẹn fún ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ẹ̀rọ kúkú fojú fo gbogbo àmì. Wò ó bí ẹnìkan bá ń wá iṣẹ́ lórí òjò: "òjò", "ọjọ́", "ojo" àti "Òjó" ni yóò dà lé e lórí pọ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ̀rọ wá méjèèjì, kí ó to èyí tí ó bá àmì mu síwájú, kí ó sì jẹ́ kí ìyókù tẹ̀lé e. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ ètò bíi Koha dáadáa lè ṣe èyí láìra ohun tuntun kankan.

Èyí tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ni kí ó mọ̀ pé "Aiye" ni "Ayé". Ọwọ́ ènìyàn ni ìyẹn wà. Nínú MARC 21, àyè 245 ni a ń kọ orúkọ ìwé sí bí ó ti wà lára ìwé. Àyè 246 sì wà fún ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà kọ orúkọ náà. Bí olùtọ́jú ìwé bá fi àkọtọ́ òde òní sí 246, ìwé àtijọ́ á di rírí láìba ìrísí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì mọ àmì ohùn, ni ó lè ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ní ẹ̀ka Yorùbá wà lárọ̀ọ́wọ́tó, bí a bá ṣetán láti san owó iṣẹ́ fún wọn. Orúkọ òǹkọ̀wé ni kí wọ́n ṣọ́ra fún; kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àmì sórí orúkọ ẹlòmíràn nípa àfọ̀rọ̀-méfò.

Àwọn àpilẹ̀kọ oyè tí wọ́n ń yà láwòrán sórí DSpace náà nílò àtúnṣe. Ẹ̀rọ tí ń ka àwòrán sí lẹ́tà sábà máa ń ka "ọ" bí "o", nítorí náà, ìwé olójú-ewé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lè kún fún àṣìkọ tí òǹkọ̀wé rẹ̀ kò ṣe. Fáìlì tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ gan-an ni kí ilé ìkàwé béèrè, pẹ̀lú àmì tí a tẹ̀ ní Unicode. Kí èyí tó ṣeé ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń lo kíbọọ̀dù Yorùbá, èyí tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Keyman àti Gboard. Ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ ni kí ilé ìkàwé kọ́ ọ, kì í ṣe ọjọ́ tí ó gbé iṣẹ́ tí ó ti parí wá.